Bí a ṣe ń pín akẹ́kọ̀ọ́ tuntun sí kíláàsì ìkọ̀wé, àti bí a ṣe ń kọ́ wọn nígbà tí wọ́n bá débẹ̀

Olùkọ́, alága ẹ̀ka ẹ̀kọ́ àti olùgbaninímọ̀ràn tí iṣẹ́ wọn kan àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì ni mo kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún. Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ẹni tí kì í gba kọ́ọ̀sì ìkọ̀wé ọdún kìíní kọjá. Ẹni tó fẹ́ di nọ́ọ̀sì ń gbà á kọjá, ẹni tó fẹ́ di ẹnjiníà ń gbà á kọjá. Bí a bá fi ẹnì kan síbi tó rẹlẹ̀ sí i, a ti fi àsìkò àti owó rẹ̀ ṣòfò. Bí a bá fi í síbi tó ga ju apá rẹ̀ lọ láìsí ẹni tó máa ràn án lọ́wọ́, ó lè ṣubú kó má sì padà wá mọ́. Nínú méjèèjì, èyí àkọ́kọ́ ni àwa olùkọ́ kì í tètè rí. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò yẹ kó wà níbẹ̀ máa ń jókòó jẹ́ẹ́ ni, á máa gba máàkì tó dáa, a ó sì máa rò pé ètò wa ń ṣiṣẹ́. Òun gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn jù bí ẹ ṣe ń ka ohun tó kù.

1. Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tí kọ́ọ̀sì yín ń béèrè

Ẹ kó gbogbo iṣẹ́ tí kọ́ọ̀sì náà ń fún akẹ́kọ̀ọ́ jọ: aròkọ mélòó ni, ojú ewé mélòó, irú ìwé wo ni wọ́n ń kà, ṣé wọ́n ń láǹfààní láti tún aròkọ kọ. Lẹ́yìn náà, kí olùkọ́ mẹ́ta mú aròkọ kọ̀ọ̀kan tó gba máàkì ìyege wá, ẹ yọ orúkọ kúrò lára wọn, kí ẹ sì jọ kà wọ́n. Ìjókòó yìí kì í pẹ́, àmọ́ ó máa ń tú àṣírí. Ohun tí olùkọ́ kan ń pè ní yíyege, ẹlòmíì á ní òun ò gbà. Bí ẹ kò bá tíì fẹnu kò lórí ohun tí kíláàsì náà jẹ́, kò sí ìdánwò tó lè sọ ẹni tó yẹ kó wọ̀ ọ́ fún yín.

Ohun tí ẹ bá fẹnu kò lé lórí, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ lédè tó máa yé ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nílé ẹ̀kọ́ girama. Ẹ má kọ “akẹ́kọ̀ọ́ yóò ṣàfihàn òye ìtúpalẹ̀”. Ẹ kọ ọ́ báyìí: “Nígbà tó bá fi máa di ọ̀sẹ̀ kẹta, wàá ti ka ìwé olójú ewé mẹ́wàá kan, wàá sì kọ ojú ewé mẹ́ta láti fi sọ ibi tí ìwọ àti òǹkọ̀wé náà ti fohùn ṣọ̀kan àti ibi tí ẹ ti yà.” Ẹ ó tún lo gbólóhùn yìí níwájú.

2. Ẹ má fi ìdánwò wákàtí kan ṣe adájọ́

Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nílẹ̀. Ní 1874 ni Harvard bẹ̀rẹ̀ sí í ní kí ẹni tó bá fẹ́ wọlé kọ aròkọ kúkúrú nígbà ìdánwò ìgbàwọlé. Púpọ̀ nínú wọn kò ṣe dáadáa, nígbà tó sì fi máa di 1885, kọ́ọ̀sì tí wọ́n ń pè ní English A ti di ti àwọn ọdún kìíní níbẹ̀. Láti ìgbà náà ni àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì Amẹ́ríkà ti ń wá ọ̀nà tó yá, tí kò sì náni lówó, láti ya akẹ́kọ̀ọ́ sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ibi tó já sí ni ìdánwò orí kọ̀ǹpútà, èyí tí akẹ́kọ̀ọ́ á máa mú ìdáhùn kan nínú mẹ́rin tàbí márùn-ún.

Ìṣòro irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ kò fara sin. Ó ń béèrè bóyá ẹnì kan lè rí àṣìṣe nínú gbólóhùn ẹlòmíì. Kíláàsì ìkọ̀wé ń béèrè pé kí ó ka nǹkan, kí ó ní ohun kan láti sọ nípa rẹ̀, kí ó sì sọ ọ́ kó yé ẹlòmíì. Ẹni tó mọ èkíní lè má mọ èkejì rárá. Ní 2012, àwọn olùwádìí ní Community College Research Center, tó wà ní Teachers College ti Columbia University, fi hàn pé máàkì tí akẹ́kọ̀ọ́ kó jọ láti ọdún dé ọdún nílé ẹ̀kọ́ girama ń sọ bó ṣe máa ṣe ní kọ́lẹ́ẹ̀jì dáadáa ju ìdánwò wọ̀nyí lọ, àti pé ọ̀pọ̀ àwọn tí ìdánwò tì sẹ́yìn ni ì bá ti yege ká ní wọ́n jẹ́ kí wọ́n wọ kíláàsì gan-an. Ní 2016, iléeṣẹ́ ACT kó ìdánwò COMPASS rẹ̀, tó jẹ́ ọ̀kan lára irú ìdánwò orí kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀, kúrò nílẹ̀. Ní 2017, California ṣe òfin kan tí wọ́n ń pè ní AB 705, tó ní kí àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba máa wo máàkì ilé ẹ̀kọ́ girama, kí wọ́n má sì ti akẹ́kọ̀ọ́ sí kọ́ọ̀sì tó rẹlẹ̀ àyàfi bí ó bá hàn kedere pé kò lè yege níbi tó ga.

Nítorí náà, ohun mẹ́rin ni kí ẹ kó jọ nípa ẹnì kọ̀ọ̀kan: máàkì rẹ̀ ní gbogbo ọdún tó lò nílé ẹ̀kọ́ girama, irú kọ́ọ̀sì tó ṣe níbẹ̀, ohun kan tó kọ, àti ohun tí òun fúnra rẹ̀ sọ nípa ara rẹ̀. Èyí tó bá gbé e ga jù nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni kí ẹ tẹ̀ lé. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ á fẹ́ ṣe òdìkejì rẹ̀ torí ìbẹ̀rù. Ṣùgbọ́n ẹni tó kúnjú ìwọ̀n lójú ẹ̀rí kan ti fi hàn pé òun lè ṣe é, ọjọ́ kan tí kò dáa kò sì gbọdọ̀ pa ìyẹn rẹ́. Ní ti àgbàlagbà tó ti kúrò nílé ẹ̀kọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, máàkì àtijọ́ rẹ̀ kò sọ ohun púpọ̀ mọ́. Ohun tó kọ lónìí àti ohun tó sọ ni kí ẹ gbé ìpinnu lé.

3. Iṣẹ́ ìkọ̀wé tí ẹ máa fún wọn

Bí ẹ bá ní kí wọ́n kọ nípa ìsinmi tí wọ́n gbádùn jù, ìtàn ìsinmi ni wọ́n máa kọ fún yín, kò sì ní sọ bí wọ́n ṣe máa ṣe nínú kíláàsì tí ìwé kíkà ti ń ṣáájú ìkọ̀wé. Ẹ fún wọn ní àyọkà olójú ewé méjì tàbí mẹ́ta tó ń jà fún ohun kan. Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ jẹ́ èyí tí ọmọ ọdún méjìdínlógún àti ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta jọ lè dá sí. Fún àpẹẹrẹ: ó yẹ kí kọ́lẹ́ẹ̀jì fòfin de fóònù nínú kíláàsì. Lẹ́yìn náà, ẹ béèrè ohun méjì péré: kí ni òǹkọ̀wé yìí fẹ́ ká gbà, kí sì ni ìrírí tìrẹ ní láti sọ fún un?

Ẹ fún wọn ní ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta láti ka àyọkà náà kí wọ́n tó kọ nǹkan. Ẹ sọ ẹni tó máa kà á àti ohun tí ẹ máa fi ṣe fún wọn. Ẹ tún fi ìdáhùn méjì tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣáájú kọ hàn wọ́n, tí wọ́n sì yàtọ̀ síra, pẹ̀lú ìyọ̀ǹda àwọn tó ni ín. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò rí irú rẹ̀ rí kò lè mọ ohun tí à ń wá, ìyẹn ò sì sọ pé kò lè ṣe é.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ tó ń bá èèyàn kọ̀wé. Láti ìgbà tí ChatGPT ti dé ní òpin 2022, ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ kọ nílé nìkan kò tó ẹ̀rí mọ́. Mi ò ní kí ẹ máa sá kiri bí ọlọ́pàá. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ apá kan nílé, kí wọ́n sì wá kọ apá kejì nínú yàrá kan níwájú yín fún nǹkan bí ìṣẹ́jú márùndínlọ́gbọ̀n: “Mú gbólóhùn kan nínú ohun tí o kọ tí kò tíì tẹ́ ọ lọ́rùn. Ṣàlàyé ìdí rẹ̀, kí o sì tún un kọ.” Ẹni tó kọ nǹkan fúnra rẹ̀ máa ń rí ohun sọ nípa rẹ̀, ìdáhùn kékeré yìí sì lè fi bó ṣe ń ronú hàn ju aròkọ náà lọ.

4. Bí ẹ ṣe máa kà á

Ẹni méjì ni kó ka ìwé kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì jẹ́ ẹni tó ń kọ́ kíláàsì náà. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jọ ka nǹkan bí mẹ́fà papọ̀, ẹ jiyàn lé wọn lórí títí ẹ ó fi mọ ibi tí ẹ ti yà. Ìbéèrè tí ẹ ń dáhùn kì í ṣe “máàkì mélòó nínú mẹ́fà?” bí kò ṣe “bí ẹni yìí bá wọ kíláàsì mi ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, kí ni mo máa ṣe fún un?” Bí ẹni méjì bá yà síra, ẹni kẹta ni kó parí rẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá àyọkà náà yé akẹ́kọ̀ọ́. Ẹ wò ó bóyá ó ní ohun kan láti sọ. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wo ẹ̀rí tó fi gbè é, ẹ̀yìn rẹ̀ ni bó ṣe to ọ̀rọ̀ rẹ̀. Àṣìṣe gbólóhùn àti àmì ìkọ̀wé ló kẹ́yìn. Ojú wa ti mọ́ ọn lára láti rí àṣìṣe kó tó rí nǹkan mìíràn, torí náà ó gba ká kó ara wa níjàánu.

Ẹ wo ìpínrọ̀ yìí, irú èyí tí ẹ máa bá pàdé léraléra:

“Fóònù dára ó sì burú. Nígbà tí mo wà ní ilé ẹ̀kọ́ girama mo máa ń fi fóònù wá ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ tí olùkọ́ bá sọ tí kò yé mi, mi ò lè nawọ́ torí wọ́n á fi mí rẹ́rìn-ín, òǹkọ̀wé yìí ò ronú irú wa. Ní ìparí fóònù dára ó sì burú.”

Ẹni tó ń kánjú á rí ìbẹ̀rẹ̀ tí kò sọ nǹkan kan, á rí ìparí tó tún un sọ, á sì rí gbólóhùn kan tí kò mọ ibi tó yẹ kó dúró. Á tì í sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ẹ tún àárín rẹ̀ kà. Ẹni yìí ti bá òǹkọ̀wé náà jà, ó sì ti nà án níbi tó ń dùn ún: òfin tí òǹkọ̀wé náà ṣe kò wo ti ẹni tí ojú ń tì láti béèrè ìbéèrè. Àtakò gidi nìyẹn, látinú ìrírí ẹni tó kọ ọ́, lórí kókó tí òǹkọ̀wé náà gbójú fò. Ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí tí kò ní láárí yẹn, ilé ẹ̀kọ́ ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀, ó rò pé ohun tí à ń fẹ́ nìyẹn. Lójú tèmi, kíláàsì gan-an ló yẹ kí ẹni yìí wà, pẹ̀lú wákàtí àtìlẹ́yìn lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan.

Mina Shaughnessy ló kọ́ ọ̀pọ̀ wa láti máa kà báyìí. City College ní New York ló ti ń kọ́ni nígbà tí City University of New York ṣílẹ̀kùn fún gbogbo ẹni tó bá parí ilé ẹ̀kọ́ girama ní ìlú náà ní 1970. Ó ka nǹkan bí 4,000 aròkọ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun kọ fún ìpínsíkíláàsì, ó sì fi hàn nínú ìwé tó gbé jáde ní 1977 pé àṣìṣe wọn kì í ṣe ìranù: ó ní ìlànà tí wọ́n ń tẹ̀ lé, àní bí ìlànà náà kò tilẹ̀ tọ̀nà. Ẹni tó bá wá ìlànà yẹn rí á mọ ohun tó máa kọ́ni. Ẹni tó kàn ń ka iye àṣìṣe kò ní mọ ibi tó ti máa bẹ̀rẹ̀.

Ó tún yẹ ká ya ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ èdè tí wọ́n fi ń kọ́ni sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tí ìkọ̀wé fúnra rẹ̀ ṣòro fún. Ẹni tó ń kọ́ èdè lè ní èrò tó jinlẹ̀ nínú gbólóhùn tó ń wọ́lẹ̀. Bí olùkọ́ kan bá wà láàárín yín tó mọ̀ nípa kíkọ́ni lédè kejì, òun ni kó ka irú ìwé bẹ́ẹ̀.

5. Ẹ jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ dá sí i

Ní 1996, Grand Valley State University ní Michigan dán ohun kan wò: wọ́n ṣàlàyé kọ́ọ̀sì méjì fún àwọn tuntun, wọ́n fún wọn ní ìbéèrè nípa bí wọ́n ṣe ń kà àti bí wọ́n ṣe ń kọ, wọ́n sì jẹ́ kí kálukú yan èyí tó bá a mu. Ọ̀nà yìí ti tàn kálẹ̀ láti ìgbà náà. Ohun tó mú mi fẹ́ràn rẹ̀ ni pé ẹni tó yan kíláàsì fúnra rẹ̀ kì í wọ̀ ọ́ bí ẹni tí wọ́n fìyà jẹ.

Àmọ́ ẹ̀yin lẹ máa tọ́ ọ sọ́nà. Ẹ má fún un ní fọ́ọ̀mù kí ẹ sì lọ. Ẹ fi gbólóhùn tí ẹ kọ ní ìpele àkọ́kọ́ hàn án, kí ẹ wá béèrè àwọn ohun tí ó ti ṣe rí, ẹ má béèrè bó ṣe mọ̀wé tó. “Ṣé o mọ gírámà?” kò wúlò, torí ìtìjú tàbí ìgboyà ni yóò dáhùn. Ẹ béèrè báyìí:

– Aròkọ wo ló gùn jù tí o kọ lọ́dún tó kọjá? Báwo lo ṣe wá ohun tó wà nínú rẹ̀?
– Nígbà wo lo tún nǹkan kọ gbẹ̀yìn, tí kì í ṣe pé o kàn tún lẹ́tà ṣe, tí o yí èrò inú rẹ̀ padà?
– Bí o bá ka ojú ewé mẹ́wàá tí kò yé ọ, kí lo máa ń ṣe?
– Wákàtí mélòó lo ní fún iṣẹ́ àṣetiléwá lọ́sẹ̀, yàtọ̀ sí iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ àti ti ilé?

Ìbéèrè ìkẹyìn yìí kò jọ ti ìkọ̀wé, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó ṣe pàtàkì tó o nínú gbogbo wọn. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣubú nínú kíláàsì wa, iṣẹ́ tí wọn ò rí àyè ṣe ló gbé wọn ṣubú.

Ewu kan wà nínú yíyàn yìí tí ẹ gbọ́dọ̀ máa wọ̀nà fún. Ẹni tí wọ́n ti sọ fún láti kékeré pé kò mọ̀wé á fi ara rẹ̀ sísàlẹ̀ kódà bó bá kúnjú ìwọ̀n. Bí ohun tó kọ bá ga ju ibi tó yàn lọ, kí olùgbaninímọ̀ràn gbé ìwé náà sí iwájú rẹ̀, kó fọwọ́ lé ìpínrọ̀ kan, kó sì sọ pé: “Wo ohun tí o ṣe níbí. Èyí ni à ń ṣe nínú kíláàsì ọ̀hún.” Ẹ̀rí ló ń yí irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ́kàn padà. Ó ti gbọ́ ìwúrí lásán tó tẹ́lẹ̀.

6. Ìrànlọ́wọ́ inú kíláàsì gan-an sàn ju àtẹ̀gùn lọ

Àṣà àtijọ́ ni pé kí ẹni tí kò tíì tó máa gun kọ́ọ̀sì tí kò ní kírẹ́díìtì, lẹ́yìn náà òmíràn, kó tó dé kíláàsì gan-an. Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀ wò. Ká ní 100 akẹ́kọ̀ọ́ bẹ̀rẹ̀ ní ìpele méjì sísàlẹ̀, tí 70 yege, tí 60 nínú wọn padà wá forúkọ sílẹ̀ fún èyí tó tẹ̀ lé e. Bí ìdá kan náà bá ń yege, 42 ló kù. Bí 36 bá padà wá wọ kíláàsì gan-an, 25 péré nínú 100 ló máa yege níbẹ̀. Kò sí olùkọ́ burúkú nínú ìṣirò yìí. Ìpele kọ̀ọ̀kan ń yọ èèyàn, àlàfo tó wà láàárín wọn náà ń yọ èèyàn.

Ní 2007, Community College of Baltimore County bẹ̀rẹ̀ ètò kan lábẹ́ Peter Adams tí wọ́n pè ní Accelerated Learning Program. Akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́jọ tí wọn ì bá ti tì sẹ́yìn wọ kíláàsì gan-an pẹ̀lú méjìlá tí kò nílò ìrànlọ́wọ́. Bí kíláàsì bá tú, àwọn mẹ́jọ àkọ́kọ́ dúró lọ́dọ̀ olùkọ́ kan náà fún kíláàsì àtìlẹ́yìn, wọ́n sì ń ṣiṣẹ́ lórí aròkọ kan náà. Bí ẹ bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀, ẹ má dín ohun méjì kù torí owó: kí olùkọ́ méjèèjì jẹ́ ẹnì kan náà, kí àwọn tó wà ní kíláàsì àtìlẹ́yìn sì kéré. Bí a bá fi ẹlòmíì sí i, tí òun náà gbé iṣẹ́ tirẹ̀ wá, kọ́ọ̀sì méjì la gbé lé akẹ́kọ̀ọ́ lórí.

Ọ̀nà mìíràn ni ti Arizona State University, tí wọ́n ń pè ní Stretch: wọ́n na iṣẹ́ sáà kan sí sáà méjì, pẹ̀lú olùkọ́ kan náà àti àwọn ẹlẹgbẹ́ kan náà bó bá ṣe ṣeé ṣe tó, kírẹ́díìtì sì wà nínú rẹ̀. Ó dára fún ẹni tí àsìkò ni ìṣòro rẹ̀.

7. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni kí ẹ ti yẹ ìpín náà wò

Igi gànnhàngànnhàn má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Ẹ jẹ́ kí gbogbo kíláàsì kọ nǹkan kan lọ́jọ́ kejì, kí ẹ sì fi wé ohun tó wà nínú fáìlì. Bí ẹ bá rí ẹni tí wọ́n fi síbi tó rẹlẹ̀, ẹ gbé e kúrò kí ọ̀sẹ̀ kejì tó parí. Ẹ ti bá ọ́fíìsì ìforúkọsílẹ̀ sọ ọ́ kí sáà tó bẹ̀rẹ̀ pé kí fọ́ọ̀mù olójú ewé kan àti ìbuwọ́lù ẹnì kan tó fún un. Níbi tí ó bá ti gba ìbuwọ́lù mẹ́rin, kò sẹ́ni tó máa kúrò.

Ní ti ẹni tó jọ pé ó wà níbi tó ga, ẹ má sáré tì í sísàlẹ̀. Ẹ fi kíláàsì àtìlẹ́yìn kún un.

8. Bí ẹ ṣe máa kọ́ wọn

Ẹ jẹ́ kí iṣẹ́ àkọ́kọ́ tó ní máàkì kéré, kó sì tètè dé: ojú ewé kan, tí ẹ máa gbà ní ọ̀sẹ̀ kejì tí ẹ ó sì dá padà láàárín ọjọ́ mélòó kan. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò rí èsì kankan títí di ọ̀sẹ̀ karùn-ún kò mọ bóyá òun ń rì.

Ẹ kọ́ wọn ní kíkà kí ẹ tó kọ́ wọn ní kíkọ. Ẹ mú ìpínrọ̀ kan nínú ìwé tí wọ́n ń kà, ẹ kà á sókè, kí ẹ sì máa sọ ohun tó ń lọ lọ́kàn yín: “Ó ní ‘gbogbo èèyàn’ níbí. Ṣé òótọ́ ni? Ẹ jẹ́ ká sàmì sí i.” Púpọ̀ nínú wọn kò rí i rí pé òǹkàwé tó mòye máa ń dúró, ó máa ń padà sẹ́yìn, ó sì máa ń bá ìwé jiyàn. Wọ́n rò pé ojú wa kàn ń rí i ni.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa tún aròkọ kọ, kí máàkì sì wà fún àtúnkọ náà. Nígbà tí ẹ bá ń kọ èsì sí àkọ́kọ́, ẹ fi ara yín mọ sí ohun mẹ́ta: ohun kan tó ń ṣiṣẹ́, ohun kan tí òǹkàwé ń wá tí kò rí, àti àṣìṣe kan tó ń padà wá léraléra. Bíi ti ìpínrọ̀ fóònù yẹn, “ṣàlàyé síwájú sí i” kò ní ràn án lọ́wọ́, torí kò mọ èwo. Ẹ kọ ọ́ báyìí: “Gbólóhùn rẹ kejì ti já irọ́ òǹkọ̀wé yìí, ṣùgbọ́n o yára kúrò níbẹ̀. Mú mi padà sí kíláàsì yẹn. Ọ̀rọ̀ wo ni kò yé ọ? Kí ni ì bá ṣẹlẹ̀ ká ní fóònù rẹ wà lẹ́nu ọ̀nà?” Ẹ wá ní kí ó yọ gbólóhùn àkọ́kọ́ àti ti ìkẹyìn, kó wo bóyá a pàdánù nǹkan kan.

Ní ti gbólóhùn gígùn yẹn, ẹ má kọ ọ́ tún fún un. Nígbà tó bá wá bá yín, ẹ ní kó kà á sókè, kó fa ìlà síbi tí ohùn rẹ̀ ti dúró, kó sì sọ ohun tó so apá kan mọ́ èkejì. Ohun tó máa ń jáde jọ èyí:

“Nígbà tí mo wà ní ilé ẹ̀kọ́ girama, mo máa ń fi fóònù wá ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ tí kò bá yé mi. Mi ò lè nawọ́ béèrè, torí pé àwọn ẹlẹgbẹ́ mi á fi mí rẹ́rìn-ín. Òǹkọ̀wé yìí ní ká fi fóònù sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Kò mọ̀ pé òun ni àwa kan fi ń bá kíláàsì rìn.”

Kò sí ọ̀rọ̀ tuntun púpọ̀ níbẹ̀. Etí rẹ̀ ló ṣe é. Láti 1963 ni ìjábọ̀ kan tí National Council of Teachers of English gbé jáde ti sọ pé kíkọ́ gírámà lọ́tọ̀, láìfi lé ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ lórí, kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ mú ìkọ̀wé sunwọ̀n. Síbẹ̀ ìwé ìdánrawò ṣì kún àwọn kíláàsì wa. Ẹ jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan ní ojú ewé kan tó ń kọ àṣìṣe tirẹ̀ sí, ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan, pẹ̀lú gbólóhùn tirẹ̀ tó ti tún ṣe. Bó bá ti ṣẹ́gun ọ̀kan, kó mú òmíràn.

Ìjókòó olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ kan, àwọn méjì péré, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, lẹ́ẹ̀méjì ní sáà kan, ń ṣe ohun tí ọ̀pọ̀ wákàtí ìwé àlàyé kò lè ṣe. Ẹ fagi lé kíláàsì ọjọ́ kan fún un bó bá pọn dandan. Akẹ́kọ̀ọ́ ni kó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ẹ bi í pé, “Ibo lo fẹ́ ká wò?” Kí ẹ wá dákẹ́ pẹ́, kódà bí ìdákẹ́jẹ́ náà bá ń ni yín lára.

Bí ẹ bá fẹ́ kí wọ́n ka iṣẹ́ ara wọn, ẹ má ní kí wọ́n sọ bóyá ó dára. “Ó dára” ni gbogbo wọn máa kọ. Ẹ ní kí ẹni tó kà á kọ gbólóhùn kan tó ní, “Ohun tí o fẹ́ kí n gbà ni pé…”, kí ẹni tó ni ín wò ó bóyá ohun tó fẹ́ sọ nìyẹn.

Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá pa kíláàsì jẹ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ kọ̀wé sí i lọ́jọ́ náà gan-an, kó ṣe ṣókí, kó má sì ní ìhalẹ̀ nínú: “A ò rí ọ lónìí. Iṣẹ́ ọjọ́ Ẹtì ṣì ṣeé ṣe. Ṣé kò sí o?” Iye àwọn tó máa padà wá nítorí ìyẹn á yà yín lẹ́nu.

9. Nígbà tí sáà bá parí

Ẹ to orúkọ gbogbo wọn sílẹ̀ pẹ̀lú ọ̀nà tí ẹ gbà pín wọn: máàkì, aròkọ, yíyàn ara ẹni. Ẹ kọ máàkì ìparí síwájú kọ̀ọ̀kan. Ẹ wá àwọn tó wà ní kíláàsì àtìlẹ́yìn tó gba máàkì tó ga jù. Bí wọ́n bá pọ̀, ìlà tí ẹ fi ń pín wọn ti ga jù, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀. Ẹ wò ó bóyá irú àwọn èèyàn kan ni ètò yín ń tì sẹ́yìn jù, ì báà jẹ́ nítorí èdè ilé wọn, ọjọ́ orí wọn tàbí ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti wá. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ padà ka ìwé tí wọ́n kọ fún ìpínsíkíláàsì láìwo orúkọ, kí olùkọ́ tí kò kà á tẹ́lẹ̀ jókòó tì yín. Ẹ pe àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bíi mẹ́fà, kí wọ́n sọ ohun tí wọn ì bá fẹ́ kí ẹnì kan sọ fún wọn lọ́jọ́ tí wọ́n forúkọ sílẹ̀. Ohun tí wọ́n bá sọ ni kí ẹ fi tún lẹ́tà tí ẹ máa kọ sí àwọn tó ń bọ̀ kọ.